Fíìmù Àwọn Ọ̀rẹ́ Ìgboro àti Ọ̀rọ̀ Akọsákọ: Ohun Tí Òfin Sọ àti Ohun Tí A Ń Dà Pọ̀

Láàárín àwa Yorùbá tí a ń gbé Àbújá, kò sí ọ̀rọ̀ fíìmù tí ó tètè ń di àríyànjiyàn bíi fíìmù àwọn ọ̀dọ́ ìgboro tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà bá jẹ́ gay tàbí lesbian. Bí àwọn ènìyàn bá ti ń jáde ní ilé sinimá Jabi, tàbí bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá jókòó ti Netflix ní Kubwa, ẹnìkan á ní òfin ilẹ̀ wa kò gbà á, ẹlòmíràn á ní àwọn òyìnbó ni ó ń fi owó tì í wọlé, ẹ̀kẹta á ní kí ló wá burú níbẹ̀ nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Ohun tí òfin kọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ẹni tí ó ń pinnu ohun tí yóò wọ inú fíìmù jẹ́ òmíràn, bóyá ẹni tí a rí nínú fíìmù náà sì ṣojú ẹnikẹ́ni rárá tún jẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni mo máa pẹ́ lé lórí jù, nítorí pé òun ni a kì í sábà bi ara wa.

Òfin tí gbogbo ènìyàn ń nawọ́ sí ni èyí tí ó ka ìgbéyàwó akọsákọ àti abosábo léèwọ̀. Ọdún 2013 ni ó wà lára orúkọ òfin náà, ṣùgbọ́n oṣù kìíní ọdún 2014 ni Ààrẹ ìgbà náà, Goodluck Jonathan, buwọ́ lù ú. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni ó là sílẹ̀ fún àwọn tí ó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ó la ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣe ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó náà tàbí tí ó bá ṣe agbátẹrù rẹ̀, fún ẹni tí ó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tí ó bá ń kópa nínú rẹ̀, àti fún ẹni tí ó bá ṣe àfihàn irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, yálà ní tààràtà tàbí lọ́nà ẹ̀bùrú. Òfin náà kò gùn rárá, ẹni tí ó bá sì kà á tán yóò rí i pé kò dárúkọ fíìmù níbì kankan. Gbólóhùn nípa àfihàn ní gbangba yẹn ni wọ́n máa ń fi dẹ́rù ba òṣèré àti olùdarí, bẹ́ẹ̀ òfin kò túmọ̀ ohun tí àfihàn jẹ́. Ṣé ti ẹni méjì tí ó fẹ́ràn ara wọn lóòótọ́ ni, àbí ti òṣèré méjì tí ó ń gba owó iṣẹ́, tí oníkálukú á sì wakọ̀ padà sọ́dọ̀ ìdílé rẹ̀ bí wọ́n bá ti pa kámẹ́rà? Ẹjọ́ kan tí ariwo rẹ̀ pọ̀ lórí gbólóhùn yìí, èyí tí ìjọba fi kan àwọn ọkùnrin 47 tí ọlọ́pàá kó ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó lọ́dún 2018, kò dé ibi tí adájọ́ yóò ti là á yé wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó fagi lé ẹjọ́ náà nítorí pé àwọn olùpẹjọ́ kò tẹpá mọ́ ọn.

Àwa tí a wà ní Àbújá tún máa ń béèrè bóyá òfin ṣàríà kàn wá. Ìpínlẹ̀ 12 ní Àríwá ni ó sọ ṣàríà di òfin ìwà ọ̀daràn wọn láti ọdún 1999 wá, Àbújá kò sì sí lára wọn. Èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ níbí ni ìwé òfin tí a ṣe fún Àríwá lọ́dún 1960, tí a ń pè ní Penal Code, èyí tí ó yàtọ̀ sí Criminal Code tí a mọ̀ ní Gúúsù. Ó ní kí ẹni tí ó bá bá ẹlòmíràn lò lọ́nà tí ó lòdì sí ti ìṣẹ̀dá lọ sí ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún 14. Ìṣe gan-an ni òfin yìí ń fìyà jẹ, kò sọ̀rọ̀ nípa ìtàn tí ẹnìkan pa nípa ìṣe náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá jókòó sí pálọ̀ tí ó ń sọ pé òfin kò gbà á kò purọ́, àmọ́ kò tíì sọ ohun tí òfin kò gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ fíìmù ti wọ inú òfin ní tòótọ́ ni ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò, NFVCB, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá yìí. Òfin ọdún 1993 ni ó dá a sílẹ̀. Òfin náà ní kí ìgbìmọ̀ má ṣe fọwọ́ sí fíìmù tí ó bá kún fún ìwà àìtọ́ tàbí ìwà ìbàjẹ́, tí ó lè ba ìwà ọmọlúàbí jẹ́, tí ó lè ti ènìyàn sínú ọ̀ràn tàbí dá rògbòdìyàn sílẹ̀, tàbí tí kò bá ire ará ìlú mu. Àwọn gbólóhùn wọ̀nyí fẹ̀ bí agbádá. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ ni yóò mọ ibi tí òun máa ká a dé. Lọ́dún 2020, nígbà tí Uyaiedu Ikpe-Etim darí fíìmù kúkúrú kan tí ó ń jẹ́ Ìfé, tí Pamela Adie sì ṣe agbátẹrù rẹ̀, fíìmù tí ó dá lórí obìnrin méjì tí ó fẹ́ràn ara wọn, Adebayo Thomas tí ó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ náà nígbà náà sọ fún àwọn oníròyìn pé ẹ̀wọ̀n lè gbẹ̀yìn rẹ̀ fún àwọn tí ó ṣe é. Toronto ní Kánádà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì gbé e gbà lẹ́yìn náà. Gbígbé akọsákọ lárugẹ ni ìgbìmọ̀ náà ní fíìmù náà jẹ́.

Gbígbé lárugẹ yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ìgbìmọ̀ kan náà kéde ìlànà tuntun lórí ògùn owó, ìpànìyàn fún ètùtù àti sìgá mímu nínú fíìmù, fídíò orin àti skit. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ìlànà yẹn yóò rí i pé pípolongo nǹkan wọ̀nyí àti fífi wọ́n ṣe fàájì ni wọ́n gbógun tì. Bí babaláwo inú fíìmù bá gé orí ènìyàn, tí àwọn tí ó rán an níṣẹ́ sì jìyà rẹ̀ kí fíìmù tó parí, kò sí ẹni tí yóò sọ pé olùdarí ń kọ́ wa ní ògùn owó. A mọ ìyàtọ̀ láàárín fífi nǹkan hàn àti gbígbé e lárugẹ nígbà tí ó bá jẹ́ ọ̀ràn ìpànìyàn; orí ọ̀rọ̀ gay nìkan ni a ti ń sọ pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yọjú lásán ti tó láti jẹ́ ìpolongo. Èmi kò rí ọgbọ́n tí ó wà nínú ìyẹn.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Kẹ́ńyà, ó sì le ju báyìí lọ. Wanuri Kahiu darí fíìmù kan ní ìlú Nairobi lọ́dún 2018, tí ó ń jẹ́ Rafiki, nípa ọmọbìnrin méjì tí ìfẹ́ wọ̀ láàárín wọn. Òun ni fíìmù Kẹ́ńyà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù Cannes ní ilẹ̀ Faransé. Àjọ tí ó ń yẹ fíìmù wò níbẹ̀ fòfin dè é, olùdarí náà sì ṣàlàyé pé ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ òun ni kí òun yí ìparí rẹ̀ padà, nítorí pé ìrètí pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn ọmọbìnrin náà kọ́ ni wọ́n fẹ́ yọ kúrò. Bí ìtàn náà bá parí sí ẹkún àti àbámọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó kọjá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ gíga Nairobi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà fún ọjọ́ méje péré, èrò sì kún ilé sinimá ní gbogbo ọjọ́ náà.

Kánò ní ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò tirẹ̀ láti ọdún 2001, fíìmù tí Àbújá bá sì ti fọwọ́ sí ṣì ní láti kọjá lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó lè tà á tàbí fi í hàn níbẹ̀. Èyí ni ó fà á tí ẹnu fi máa ń ya ẹni tí ó wá láti Kánò nígbà tí ó bá rí ohun tí ilé sinimá Àbújá ń fi hàn, tí ẹnu sì fi máa ń ya ẹni tí ó wà ní Àbújá náà nígbà tí ó bá rí ohun tí ó wà lórí Netflix.

Ọ̀rọ̀ pé àwọn òyìnbó ni ó ń fi owó tì í wọlé gba àlàyé díẹ̀. Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lé àwọn gay kúrò nínú fíìmù. Ìlànà kan tí àwọn ilé-iṣẹ́ Hollywood gbà ní ọdún 1930, tí wọ́n wá ń fi ọwọ́ líle mú láti ọdún 1934, kà á sí èèwọ̀ pátápátá, ọdún 1968 ni wọ́n sì tó pa ìlànà náà tì. Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ni pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá yọjú rárá, àfi kí ó jẹ́ ọ̀daràn tàbí kí ó kú kí iná ilé sinimá tó tàn. Ní òde òní, wọ́n ń sọ pé Oscar, àmì ẹ̀yẹ fíìmù ti Amẹ́ríkà, ti ní dandan ni kí gay wà nínú fíìmù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí àwọn tí ó ń fún ni ní Oscar kéde lọ́dún 2020, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ ọdún 2024, kan àmì ẹ̀yẹ fíìmù tí ó dára jù lọ nìkan. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n là sílẹ̀, fíìmù sì ní láti mú méjì ṣẹ nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ lè mú wọn ṣẹ nípasẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà àti àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbà láti kọ́ iṣẹ́, láìsí pé gay kankan sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà.

Ẹni tí ó bá sì ti pẹ́ ní Kánò tàbí Kàdúná á ti gbọ́ nípa àwọn tí Hausa ń pè ní 'yan daudu, àwọn ọkùnrin tí ó ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń rìn bí obìnrin, tí ọ̀pọ̀ wọn ń ta oúnjẹ, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Wọ́n ti wà ní Àríwá kí Netflix tó dé. Mi ò sọ pé gay ni gbogbo wọn, nítorí pé ìwà àti ìmúra kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tí ọkàn ènìyàn ń fà sí, gẹ́gẹ́ bí aláwàdà tí ó wé gèlè nínú eré Yorùbá kò ṣe di gay, tí ọkùnrin tí ó gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò sì di obìnrin.

Ó wá kan ìṣojú. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ gay, ẹ jẹ́ kí a wo mẹ́gàádì. Láti ìgbà tí fíìmù ilé wa ti bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ Hausa ti ń wà nínú rẹ̀: ó jókòó sí ẹnu géètì, kẹ́tù àlùwàlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ òyìnbó tí kò já gaara kí a lè fi í rẹ́rìn-ín, ó sì ń ṣí géètì fún mọ́tò ọ̀gá. Bí ẹnìkan bá sọ pé àwọn ará Àríwá wà nínú fíìmù wa dáadáa nítorí pé mẹ́gàádì wà ní gbogbo rẹ̀, àwa tí a ń gbé láàárín wọn, tí dókítà wa, aládùúgbò wa àti ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ jẹ́ Hausa, a ó mọ̀ pé irọ́ ni. Àwọn Gbagyi, tí wọ́n ni ilẹ̀ Àbújá kí ìjọba tó kéde rẹ̀ ní olú-ìlú lọ́dún 1976, kò tilẹ̀ rí tó ti mẹ́gàádì. Bí a bá rí wọn nínú fíìmù, obìnrin kan tí ó gbé igi ìdáná lé èjìká ni yóò kọjá ní ẹ̀gbẹ́ títì. Wíwà nínú fíìmù yàtọ̀ sí kí fíìmù ṣojú ẹni. Ohun tí àwọn gay tí ó ń ṣàròyé ń sọ gan-an nìyí, ó sì yẹ kí ó tètè yé wa.

Àwọn tí ó ń ṣe ìwádìí nípa èyí ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ GLAAD, là ìdánwò kan sílẹ̀ lọ́dún 2013, tí wọ́n fi orúkọ òpìtàn fíìmù kan, Vito Russo, pè. Ó béèrè pé kí ó hàn gbangba pé ẹnìkan nínú fíìmù náà jẹ́ gay, lesbian tàbí irú bẹ́ẹ̀. Kí ìyẹn má ṣe jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí a mọ̀ nípa rẹ̀. Kí ìtàn náà sì dàrú bí a bá yọ ọ́ kúrò. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó ṣe iyebíye jù lójú mi, a sì lè lò ó fún mẹ́gàádì pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú ya fíìmù kan. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin ń gbé ilé kan ní Gwarinpa, wọ́n sì ń dá owó ilé tí onílé ń gbà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Ìlọrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, èkejì jẹ́ ọmọ Tiv tí ó ń ya fọ́tò níbi ìgbéyàwó, ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ Kánò tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ amòfin ní Bwari, ìkẹrin sì jẹ́ ọmọ Gbagyi tí bàbá rẹ̀ àgbà ti ń dáko níbi tí ilé alájà wà báyìí. Ọmọ Ìlọrin ni gay.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí a lè gbà kọ ọ́ rọrùn. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ jáde lọ pàdé ọmọbìnrin, ọmọ Ìlọrin á yọ sí i láti kọ̀rọ̀, á ní, “Ṣẹ́ẹ̀tì wo lo wọ̀ yẹn, ṣé ìsìnkú lò ń lọ ni?” Àwọn òǹwòran á rẹ́rìn-ín, ọmọ Ìlọrin á sì padà wọlé. A kò mọ ibi tí ó ń sùn, a kò mọ ẹni tí ó bí i, a kò mọ̀ bóyá òun náà jẹ gbèsè owó ilé. Yọ ọ́ kúrò, ẹ̀rín nìkan ni yóò dín.

Ọ̀nà kejì: iná ti lọ, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó yí àtùpà ká, wọ́n ń ka owó ilé. Fóònù ọmọ Ìlọrin dún. Ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́, torí pé ìyá rẹ̀ kì í pè kó má kí gbogbo ilé. Ìyá kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣe àdúà fún wọn, ó wá ní, “Ọmọ mi, ìyàwó ńkọ́? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń sọ ọmọ lórúkọ.” Ọmọ náà ní, “Ẹ máa bá mi fi àdúà sí i, ìyá mi.” Ọmọ Kánò dojú bolẹ̀, ó ń tún owó tí ó ti kà tẹ́lẹ̀ kà. Ọmọ Tiv dìde, ó ní òun ń lọ gbé omi sọ̀ lórí iná, bẹ́ẹ̀ kò sí omi lórí iná.

Kò sí ẹni tí ó fẹnu ko ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú ìran yẹn, kò sì sí gbólóhùn kan tí ó dárúkọ ohunkóhun. Síbẹ̀ a ti mọ̀ pé àwọn méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà mọ̀, pé wọ́n ń bo ọ̀rẹ́ wọn láṣìírí, pé ọmọ Gbagyi, tí kò ṣe nǹkan kan, kò fura, àti pé nǹkan lè bàjẹ́ lọ́jọ́ tí ó bá fura. Bí a bá yọ ọmọ Ìlọrin kúrò níbẹ̀, kò sí ìtàn mọ́. Èmi kò sì rí ibi tí òfin tí Jonathan buwọ́ lù lọ́dún 2014 ti lè dì í mú, nítorí pé ìfẹ́ kankan kò hàn níbẹ̀ ní gbangba. Ìpamọ́ ni ó hàn.

Irú ọ̀nà yìí ni Babatunde Apalowo tọ̀ nínú fíìmù rẹ̀, All the Colours of the World Are Between Black and White, tí ó gba Teddy, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún fíìmù nípa àwọn gay àti irú wọn, ní àjọ̀dún fíìmù Berlin lọ́dún 2023. Ọkùnrin méjì ni ó wà níbẹ̀, ní Èkó, ọ̀kan ń fi ọ̀kadà jíṣẹ́ fún àwọn oníbàárà, èkejì ń ya fọ́tò, ohun tí wọn kò lè sọ fún ara wọn sì pọ̀ ju ohun tí wọ́n sọ lọ. Àwọn kan á ní irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀rù dípò kí ó lé e lọ, mo sì gbà pé ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: bí ó bá jẹ́ pé ìpamọ́ nìkan ni a ń rí nínú gbogbo fíìmù, ìpamọ́ náà á di bíi kẹ́tù mẹ́gàádì yẹn, a ó máa rò pé bí wọ́n ṣe rí nìyẹn, láìsí ẹ̀rín, láìsí ìjà lórí owó iná, láìsí ẹni tí ó mọ ọbẹ̀ sè. Ṣùgbọ́n fún òǹkọ̀wé tí ó ń gbé ní Àbújá tí ó sì fẹ́ kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí fíìmù rẹ̀, ọ̀nà yẹn ṣì ni mo rí tí ó sọ òtítọ́ láìjẹ́ pé ó ti ẹnikẹ́ni sí ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá fara mọ́ ọn ní ẹ̀tọ́ láti má wò ó. Ohun tí kò yẹ ni kí ó sọ pé òun wò ó, pé ìpolongo ni, nígbà tí ó jẹ́ pé ìyá kan ń béèrè ìyàwó lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ni a fi hàn án.

Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń fi kún un ni ti àmì ọjọ́ orí tí NFVCB ń lẹ̀ mọ́ fíìmù. G wà fún gbogbo ènìyàn, PG ń fẹ́ kí òbí wà nítòsí, lẹ́yìn náà ni 12, 12A, 15 àti 18 tẹ̀ lé e. Àmì náà ń sọ ọjọ́ orí, kì í sọ ìdí. Fíìmù lè gba 15 nítorí èébú, nítorí ẹ̀jẹ̀, nítorí igbó mímu, tàbí nítorí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ irú èyíkéyìí, ẹni tí ó kàn rí 15 lára pátákó ilé sinimá kò sì lè mọ èyí tí ó jẹ́. Ti Netflix máa ń kọ ìdí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ orí ní ìgbà tí fíìmù bá bẹ̀rẹ̀, òbí sì lè wọ inú ètò profáìlì ọmọ rẹ̀ kí ó fi ọjọ́ orí tí ó fẹ́ sí i, tàbí kí ó kọ orúkọ fíìmù kan pàtó tí kò fẹ́ kí ó jáde síbẹ̀ rárá.